Ọjọ́ tí Málọmọ́ Kò Dìde

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sábẹ́ òrùlé yìí, ẹ yá mi ní etí yín díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kó tètè lọ kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé gan-an ni ìtàn tí mo mú wá dá lé. Mo ṣèlérí fún yín pé ẹ ó rẹ́rìn-ín. Mo sì mọ̀ pé nígbà tó bá ṣe díẹ̀, ẹ̀rín náà yóò há yín lọ́fun.

Ní àkókò náà, àwọn Faransé ti kó ẹrù wọn lọ, ṣùgbọ́n Dàhòmì ṣì ni orúkọ ilẹ̀ wa. Èèyàn lè sùn kí ààrẹ kan wà níbẹ̀, kó jí kí rédíò ní ológun ti lé e. Àwọn ará oko tó wà lójú ọ̀nà Kpoulou, igi ọ̀pẹ wọn ni wọ́n ń gùn ní tiwọn. Ibẹ̀ ni Málọmọ́ ń gbé. Ó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, ó ga, ó sì máa ń nàró bó bá ń rìn. Ó ní oko ọ̀pẹ, ó ní àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Ẹfúnwùmí. Ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún wọn ni Adùnọlá, ọmọbìnrin, tí wọ́n bí nígbà tí àwọn èèyàn ti ń sọ pé ó ti tán lára wọn.

Ohun tó ń ṣe Málọmọ́ kò dé lọ́jọ́ kan. Ó kọ́kọ́ jẹ́ pé ó ń jáde nígbà gbogbo, kò sì rí nǹkan kan tọ̀ ju díẹ̀díẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, bí ìtọ̀ bá ti gbọ̀n ọ́n báyìí, àfi kó sáré, bí kò bá sì tètè dé ìdí igi, ó ti bọ́. Ó wá di pé ikọ́ lásán, tàbí ẹ̀rín, a máa fà á jáde.

Lọ́jọ́ ọjà Adja-Ouèrè kan, ó wọ mọ́tò akẹ́rù pẹ̀lú agolo epo rẹ̀. Wọn ò tíì rìn jìnnà tó ti ké sí awakọ̀ pé kó dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ igbó, ó padà wá. Wọ́n tún rìn díẹ̀, ó tún ké.

Obìnrin kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ adìyẹ lé ẹsẹ̀ ní, "Bàbá, ṣé oko àwọn ará ọ̀nà ni ẹ ń bá wọn bomi rin ni?"

Gbogbo mọ́tò bú sẹ́rìn-ín. Awakọ̀ náà ní, "Ẹ jẹ́ kí n já Bàbá sílẹ̀ jàre. Tí wọ́n bá ń fẹsẹ̀ rìn, tí wọ́n ń tọ̀ lọ, wọ́n á ṣáájú wa dé ọjà!"

Málọmọ́ rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ìgbà tó tún dé sí i, ojú tì í láti ké. Ó di ẹ̀gbẹ́ mọ́tò mú, ó di eyín rẹ̀ pọ̀, kò sì ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n dé ọjà, ó jẹ́ kí gbogbo èèyàn sọ̀ kalẹ̀ tán, ó ní òun ń wá owó kan tó bọ́ lọ́wọ́ òun. Láti ọjọ́ náà kò wọ mọ́tò mọ́. Ó máa ń ru epo rẹ̀ lórí lọ sọ́jà, bó ti wù kó jìnnà tó.

Àtíbàbà kan wà létí ọ̀nà Kpoulou tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Àgbékẹ́ ti ń ta ẹmu àti sódàbì, ọtí líle tí wọ́n ń sè láti inú ẹmu. Málọmọ́ kì í ṣe ọ̀mùtí. Igbá kan ló máa ń mu níbẹ̀, kó sì máa lọ sílé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó, ẹnì kan dá àpárá, ẹ̀rín pa Málọmọ́, ìtọ̀ sì bọ́ lára rẹ̀. Ó wo ìsàlẹ̀, ó rí i tó ń ràn lórí ṣòkòtò rẹ̀. Kí ó tó ronú, ọwọ́ rẹ̀ ti yí igbá ẹmu dé ara itan.

"Málọmọ́ ti yó o!" ni wọ́n pariwo. "Igbá kan péré! Ẹ wo àgbà!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ń gbọn ṣòkòtò, ó sì gbọ́ nínú ara rẹ̀ pé ọkàn òun balẹ̀. Wọ́n pe òun ní ọ̀mùtí. Ìyẹn kò burú. Ọ̀mùtí pọ̀ lágbègbè náà, kò sì sí ẹni tó ń bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ ti mọ ohun tó kàn. Níbikíbi tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí i, lóde ìsìnkú, lóde ìkómọ, nílé ìpàdé àwọn àgbẹ̀, ẹmu a dà sí i lára. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọdé fi ń tẹ̀ lé e pé kí ó ṣọ́ra, ilẹ̀ ń yí. Àwọn àgbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú ìyàwó rẹ̀.

Ẹnì kan tún wá dá kún un. Fákẹ́yẹ ni, àgbà adẹ́mu kan tó ń mutí lọ́dọ̀ Àgbékẹ́. Kò mọ nǹkan kan nípa ìṣòro Málọmọ́ o, ó kàn ń fọ́nnu ni. Ó ní, "Èmi ò mọ adùn omi. Omi tí ẹ ń mu yẹn, ìtọ̀ ló ń dà. Sódàbì ní tirẹ̀, òógùn ló ń dà. Ó ń gbẹ èèyàn nínú. Ẹ wò mí, ṣé ẹ rí i tí mo ń sáré kiri?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Málọmọ́ mú ọ̀rọ̀ náà relé bí ẹni gba oògùn. Ó pa omi tì. Bó bá jẹun tán, sódàbì ló fi ń sún un. Bó bá ti oko dé tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, sódàbì. Ètè rẹ̀ ń bó, orí ń fọ́ ọ, ìwọ̀nba ìtọ̀ tó ń rí sì wá pọ́n, ó ń ta á bí ata. Èyí tó burú jù ni pé ó túbọ̀ ń sáré sí i. Bó bá ti sáré sí i, òun náà a fi kún sódàbì, ó ń rò pé kò tíì tó ni.

Ẹfúnwùmí mọ̀. Báwo ni kò ṣe ní mọ̀? Òun ló ń fọ ṣòkòtò. Ó ń sá ẹní sóòrùn láàárọ̀, ó ń tẹ́ òmíràn sí i nírọ̀lẹ́, kò sì sọ̀rọ̀. Málọmọ́ náà ń rí i pé ẹní ti yàtọ̀, kò sì sọ̀rọ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbé. Adùnọlá nìkan ni kò mọ̀. Ohun tí gbogbo ayé ń sọ lòun náà gbàgbọ́, pé ọtí ti gba bàbá òun.

Nígbà náà ni Zacharie wá. Káfíńtà ni lábúlé kan ní Ikpinlè, ọ̀dọ́kùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Augustin ni bàbá rẹ̀, àgbà ìjọ Àgùdà tó máa ń ṣáájú àdúrà níbẹ̀. Adùnọlá fẹ́ Zacharie, Zacharie fẹ́ Adùnọlá, àwọn àgbà sì dá ọjọ́ ìdána.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń fi ọmọ fọ́kọ ní agbo ilé Málọmọ́, nítorí agbo ilé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Lọ́jọ́ ìdána, bàbá ọmọ á jókòó sórí ẹní, wọ́n á gbé igbá ẹmu kan lé e lórí itan. Àwọn àgbà ilé ọkọ á máa wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n ní í sọ, wọ́n á mu láti ọwọ́ rẹ̀. Bó bá ń dín, wọ́n á bù kún un láti inú ìkòkò. Títí ìkòkò náà á fi gbẹ, tí wọ́n á dojú rẹ̀ bolẹ̀, bàbá ọmọ kò gbọdọ̀ dìde. Bó bá dìde, ó ti kọ ọkọ náà nìyẹn, kò sí ẹ̀bẹ̀. Bó bá sì da igbá náà nù, èyí burú ju ìyẹn lọ, torí wọ́n á ní ilé ọmọ rẹ̀ ló dà nù.

Ẹ rí ibi tí Málọmọ́ wà.

Ó ku ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n dé ni Sàlámì, àbúrò rẹ̀, wọlé wá. Kò jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹbí ti sọ̀rọ̀."

"Ẹbí wo? Èmi kì í ṣe ẹbí?"

"Wọ́n ní ọwọ́ yín kì í gbé igbá dúró mọ́. Wọ́n ní kí n jókòó dípò yín lọ́jọ́ náà."

"Bí o bá jókòó, ta ni wọ́n máa ní ó bí i?"

Sàlámì wo ilẹ̀. "Ẹ má bínú sí mi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dà á nù lójú àwọn ará Ikpinlè, ta ni yóò tún wá fẹ́ ọmọ nínú agboolé yìí?"

"Mi ò ní dà á nù," ni Málọmọ́ wí. "Máa lọ sílé."

Lọ́jọ́ kejì, Adùnọlá bá a lábẹ́ igi ìṣin níwájú ilé, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, mi ò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ yín rí. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi yín ṣe ẹlẹ́yà létí odò, mo ń bá wọn jà. Ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ kan yìí, ẹ má mutí. Ẹ gbé igbá náà dúró fún mi. Mi ò ní béèrè nǹkan mìíràn mọ́."

Málọmọ́ la ẹnu. Ó fẹ́ sọ ọ́. Ó wo ọmọ tí òun ń wẹ̀ nígbà kan, tó ń tọ̀ sí òun lára tí inú òun sì ń dùn, ó wá gbìyànjú láti sọ fún un pé òun ló kàn báyìí. Kò jáde. Ó sàn kí ọmọ rẹ̀ máa rò pé ọ̀mùtí ni bàbá òun.

"Mo ti gbọ́," ló wí.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ ìdána mọ́, kò jẹ́ kí omi kan ẹnu òun. Ìwọ̀nba tó ń tọ́ wò pàápàá, láti ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ni kò ti mu ún. Sódàbì ló dà sẹ́nu láàárọ̀, kó lè gbẹ òun nínú dáadáa.

Ẹfúnwùmí gbé ife omi wá. "Bàbá Adùnọlá, ẹ mu díẹ̀. Ojú yín ti wọlé."

"Omi kẹ̀? Lónìí?"

"Òùngbẹ á pa yín."

"Jẹ́ kó pa mí. Òkú kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín."

Ó wọ ṣòkòtò aró tó dúdú jù lọ nínú àpótí rẹ̀. Ó lọ dúró lẹ́yìnkùlé títí, ó rí ẹ̀kán mélòó kan, ó padà wá jókòó sórí ẹní.

Àwọn ará Ikpinlè dé, wọ́n kún ìta. Àgbékẹ́ ló ta ẹmu fún wọn, òun náà ló dúró ti ìkòkò láti máa bù ú. Wọ́n gbé igbá lé Málọmọ́ lórí itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Àwọn ará ilé rẹ̀ ń wo ọwọ́ náà. Kò gbọ̀n. Àbúrò bàbá Zacharie kúnlẹ̀, ó sọ̀rọ̀, ó mu. Òmíràn kúnlẹ̀, ó mu. Sàlámì bẹ̀rẹ̀ sí í mí dáadáa.

Lẹ́yìn náà ló kan Augustin. Ó wọ aṣọ funfun, ó kúnlẹ̀ sórí ẹní níwájú Málọmọ́ gan-an, ó ní kí àwọn gbàdúrà díẹ̀. Díẹ̀ tí Augustin wí, ẹ̀yin èèyàn mi! Ó gbàdúrà fún tọkọtaya. Ó gbàdúrà fún ọmọ tí wọn kò tíì bí, àti fún ọmọ tí ọmọ náà yóò bí. Ó gbàdúrà fún ọ̀pẹ, fún òjò, fún ìjọba tó wà níbẹ̀ àti èyí tó ń bọ̀. Ó ti dé orí àwọn tó wà lójú òkun nígbà tí ìtọ̀ ta Málọmọ́ nísàlẹ̀ ikùn.

Ó fún itan pọ̀. Òógùn bọ́ sí i lójú. Ó wo ìkòkò, kò tíì dé ìdajì. Ó wo ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, kò jìnnà, ìṣísẹ̀ díẹ̀ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti fẹ́ gbé e. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, bí mo bá dìde, mo ti kọ ọkọ ọmọ mi. Ó wo igbá tó kún lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ yẹn, ó ti ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹmu ti dé ètè igbá. Ó gbójú sókè, ó rí Adùnọlá lẹ́nu ọ̀nà tó ń wo igbá náà, tó ti fi ọwọ́ bo ẹnu.

Málọmọ́ gbé igbá náà tọ́. Ó gbé e sókè kúrò lórí itan, ó sì jẹ́ kí ìtọ̀ náà bọ́.

Kò yára. Ó gbóná, ó gba abẹ́ rẹ̀ jáde, ó ń ṣàn lórí ẹní, ó sì dé orúnkún aṣọ funfun Augustin. Augustin dá àdúrà dúró, ó la ojú, ó wo ilẹ̀. Ó wo igbá. Igbá kún dé ẹnu, ẹ̀kán kan kò dà níbẹ̀. Gbogbo àwọn tó dúró wo igbá, wọ́n sì wo ilẹ̀.

Ẹnì kan láàárín àwọn ará ilé ní, "Ó ti tún dà á nù!"

"Kò dà," ni Málọmọ́ wí. "Ẹmu yín rèé, ó pé. Ìtọ̀ mi ni. Ìtọ̀ náà ló ti ń jẹ́ láti ọjọ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa mu."

Ẹ̀rín bú jáde láàárín àwọn ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn. Ẹnì kan gbìyànjú láti pa á mọ́nú, ó gba imú jáde. Sàlámì sáré bọ́ síwájú, ó ti gbàgbé ohun gbogbo.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde! Ẹ lọ wẹ̀!"

"Bí mo bá dìde, kí ni wọ́n máa gbé lọ sí Ikpinlè?"

Augustin ṣì kúnlẹ̀ nínú omi náà. Àwọn èèyàn rẹ̀ ń wò ó bóyá yóò dìde. Ó pẹ́. Ó wá na ọwọ́, ó fi gbé ìdí igbá sókè pẹ̀lú ọwọ́ Málọmọ́, ó sì mu. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì wo Málọmọ́ lójú. Ó nu ẹnu, ó ní, "Àmín," ó sún kúrò.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan kúnlẹ̀ sí etí ẹní, ó na ọrùn bí àkùkọ. Òmíràn dá èémí dúró kó tó sún mọ́ ọn, Málọmọ́ sì rí i. Ó rí gbogbo rẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń tutù, ó ń gbé igbá fún wọn. Àgbékẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹmu bí ẹni tí òjò ń lé, kí ìkòkò lè tètè gbẹ. Ó ń bù ú dé ètè igbá fún gbogbo ẹni tó bá kúnlẹ̀.

"Ẹ mu dáadáa, ẹ̀yin àna! Ẹ̀yin ará Ikpinlè, ṣé ẹmu ń bà yín lẹ́rù ni? Ẹ gbé e mì!"

Nígbà tí ó dojú ìkòkò bolẹ̀, Adùnọlá ti di ìyàwó Zacharie. Ṣùgbọ́n Málọmọ́ kò lè dìde síbẹ̀, nítorí ojú pọ̀. Ẹfúnwùmí ló wá. Ó tú ìborùn tó wà léjìká rẹ̀, ó yí i mọ́ ọkọ rẹ̀ ní ìdí, ó fà á sókè, ó ní, "Ó tó. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Málọmọ́ kò bá àna jẹun. Ó wẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn ògiri ibi tí wọ́n ti ń fọ epo, ó ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn tó ń jẹun, ó sì rò pé òun ni gbogbo ẹ̀rín náà ń bá wí. Adùnọlá wá bá a níbẹ̀.

"Má dé ọ̀dọ̀ mi," ló wí.

Ó dúró níbi tó wà. "Bàbá, gbogbo ẹmu tó ń dà sí yín lára yẹn..."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo ti ń bú yín lọ́kàn mi."

"Mo mọ̀. Ìyẹn dùn mọ́ mi ju kí o mọ èyí lọ."

Ọmọ náà sunkún díẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè é, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Ẹfúnwùmí fi ipá mú un dé ilé ìwòsàn ní Pobè. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ bi í léèrè ohun tó ń mu. Málọmọ́ sọ fún un. Nọ́ọ̀sì náà ní sódàbì gan-an ló ń lé ìtọ̀ jáde, àìmu omi sì ń mú kí ó ta á nínú. Ó ní kó mu omi láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, kó jáwọ́ nínú sódàbì, kó sì máa lọ tọ̀ kí ìtọ̀ tó gbọ̀n ọ́n. Ó ní dókítà ńlá ní láti wo ohun mìíràn tó wà nínú rẹ̀, ní Porto-Novo. Málọmọ́ kò lọ sí Porto-Novo, torí mọ́tò ló ń lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mu omi, ó sì fi sódàbì sílẹ̀. Ó dín kù. Kò tán.

Ìtìjú náà kò tán. Ó pẹ́ kó tó tún jókòó láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn. Nígbà tí wọ́n ń so yìgì nílé ìsìn, ó dúró síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tó súnmọ́ igbó, ó ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ nínú. Augustin jáde wá, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Augustin ní òun fẹ́ wọ igbó lọ díẹ̀, ó bi í bóyá ó ń bọ̀. Málọmọ́ ní rárá, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé ni.

Mo gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu Àgbékẹ́, ẹni tó bu ẹmu lọ́jọ́ náà. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí Málọmọ́ fi kú. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ fún ìyá mi níwájú mi, níbi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ èkùrọ́, ó sì ní bí a bá máa tún un sọ, kí á rí i pé a sọ ọ́ dé ìparí.